Òótọ́ àbí irọ́? "Bí omi bá ṣe pọ̀ lóko tó ni irè ṣe ń pọ̀ tó"

Omi ò lọ́tàá. Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Fẹlá fi í kọrin lọ́dún 1975, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá sì ń jó sí i. Níbi tí àwọn àgbà ti pa òwe náà, kò sí àríyànjiyàn: kò sí ilé tó lè lé omi síta. Ṣùgbọ́n a ti gbé e kúrò nídìí àmù, a ti gbé e lọ sóko, ibẹ̀ ló sì ti bí ọmọ tí kò jọ ọ́. Ọmọ náà ni pé bí àgbẹ̀ bá ti lè rí omi tó pọ̀, kó ṣáà ṣí i sílẹ̀, kó jẹ́ kó bo gbogbo ojú oko. Irè á kún àká, ilẹ̀ á sì máa lọ́ràá sí i lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ní ẹ ò gbà, wọ́n á ní ẹ wo Náìlì. Wọ́n á ní ẹ wo ìrẹsì.

Ó dáa, a ó wo méjèèjì. Àwa tí a kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìbi í ní ìbéèrè kì í sá fún ẹ̀rí.

Ká kọ́kọ́ fún ẹni tó gbà á gbọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí kì í ṣe òmùgọ̀. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí aráyé ń dáko sí, nǹkan bí 20 nínú 100 ni a ń bomi rin, ibẹ̀ sì ni nǹkan bí 40 nínú 100 oúnjẹ tí a ń kó jọ ti ń wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí a ń bomi rin yìí, ọ̀nà àtayébáyé ni wọ́n ń gbà bomi rin ín: wọ́n á ṣí ojú omi, omi á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí irúgbìn. Kò mu epo, kò béèrè ẹ̀rọ, àgbẹ̀ tí kò ní ju ọkọ́ lọ lè ṣe é. Ẹni tó bá ń ra tòmátì àti àlùbọ́sà ní ọjà Mile 12 nílùú Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ nínú àǹfààní rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti òkè Ọya wá, láti irú oko bíi ti Kàdáwá ní ìpínlẹ̀ Kánò, tí omi dáàmù Tìgá, tí wọ́n parí lọ́dún 1974, ń ṣàn wọ̀. Nítorí náà, pé omi ń sọ ọ̀gbẹlẹ̀ di ìkórè, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìwọ̀n ni irọ́ gbà wọlé. Ẹni tó rí i pé omi kékeré mú irè wá ló fò ṣánlẹ̀ pé omi ńlá á mú irè ńlá wá.

Ẹ bá mi wo abẹ́ ilẹ̀ ná. Nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ oko tó dára ni ihò kéékèèké, tí omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń gbé inú rẹ̀. Inú ihò wọ̀nyẹn ni gbòǹgbò ti ń mí. Bí omi bá kún gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù á sì tán láàárín ọjọ́ kan sí méjì, torí gbòǹgbò ń mí in, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ náà ń mí in. Afẹ́fẹ́ tuntun kò sì lè tètè dé, nítorí bí ọ́síjìn ṣe ń rìn nínú omi fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 lọ́ra ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí ibi tó ti ń rú ewé ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, kì í sábà kọjá ọjọ́ méjì sí mẹ́rin lábẹ́ omi kó tó kú. Ẹ̀gẹ́ kò yára kú báyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wú u nínú ilẹ̀ tí omi dá ogún sí mọ òórùn tí yóò kí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò rí afẹ́fẹ́ mí mọ́ á yíjú sí ajílẹ̀. Wọ́n á fa ọ́síjìn tó wà nínú náítíréètì jáde, náítírójìn tó kù á di afẹ́fẹ́ lásán, á gba ojú ilẹ̀ fò lọ. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú, á rọ. Àgbẹ̀ á wò ó, á ní, "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́," á sì tún ṣí omi sí i. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Gbòǹgbò tí kò mí kò lè fa omi sókè, nítorí náà ewé tí omi ń pa a máa rọ gẹ́gẹ́ bí ewé tí òùngbẹ ń pa ṣe ń rọ. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì. Mo rò pé ìdí pàtàkì kan nìyí tí ìgbàgbọ́ yìí kò fi kú: àrùn náà gbé aṣọ àìrómi wọ̀, oògùn tó sì wá síni lọ́kàn ni ohun tó dá àrùn sílẹ̀.

Ìrẹsì ńkọ́? Mo ti mọ̀ pé ẹ óò bi mí. Ìrẹsì ní ihò gbọọrọ nínú igi rẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara ewé sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò, ìdí nìyẹn tí kò fi kú sínú àbàtà tí àgbàdo ti ń kú. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ lókè omi. Ìrẹsì tí omi bò mọ́lẹ̀ pátápátá sábà máa ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nígbà tí odò Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya lọ́dún 2022, ìrẹsì wà lára ohun tó bá omi lọ jákèjádò ibi tí omi náà gbà. Àwọn onímọ̀ wá ìrẹsì tó lè fara dà á títí, wọ́n rí ọ̀kan tó ti Odisha ní Íńdíà wá. Ní 2006 ni wọ́n kéde àbùdá inú rẹ̀, Sub1A, wọ́n sì ti fi í sínú irú ìrẹsì mìíràn tó lè wà lábẹ́ omi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó sì tún dìde. Bí omi púpọ̀ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ìrẹsì láìkù síbì kan, kí ni wọ́n ń wá irú bẹ́ẹ̀ kiri sí?

Ó kan Náìlì. Òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ àwọn tí à ń bá jiyàn, torí kò sí oko mìíràn láyé tí a mọ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún fún nǹkan bí 5,000 ọdún tí kò ṣá. Kí wọ́n tó kọ́ dáàmù dí i, odò náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Íjíbítì, bí òjò orí òkè Etiópíà bá ti ń dé ìsàlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti fi ògiri amọ̀ pín ilẹ̀ sí agbada ńláńlá. Wọ́n á ṣí ògiri, omi á wọlé, á jìn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á jókòó síbẹ̀ fún ogójì ọjọ́ sí ọgọ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún àlìkámà, ọkà báálì àti ẹ̀wà sínú ẹrẹ̀, oko yóò sì yè pẹ̀lú ọ̀rinrin yẹn nìkan títí dé ìkórè.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Kí wọ́n tó fúnrúgbìn, wọ́n á tún ṣí ògiri náà lódìkejì, omi á padà sódò. Odò fúnra rẹ̀ á fà sẹ́yìn ní mítà mélòó kan, á sì fa omi abẹ́ ilẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n bá ti kórè tán, ilẹ̀ á wà lásán nínú oòrùn, á gbẹ, á sán, afẹ́fẹ́ á wọnú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Iyọ̀ tó bá omi ọdún náà wọlé, omi ọdún náà ló tún kó o jáde. Ohun tí Náìlì fi hàn wá kì í ṣe pé omi púpọ̀ dára. Ó fi hàn pé omi tó wá, tó sì lọ, kò pa ilẹ̀ lára.

Mo dárúkọ iyọ̀, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Kò sí omi odò tí kò ní iyọ̀ nínú, onírúurú iyọ̀ tí omi fọ̀ kúrò lára àpáta àti ilẹ̀ tó gbà kọjá. Ká ní lítà omi kan ní ìdajì gíráàmù péré, èyí tí ẹni tó mu ún lè má tilẹ̀ fura sí. Ká tún ní láti ìgbìn títí dé ìkórè, omi tí a dà sórí hẹ́kítà kan tó mítà kan ní jíjìn, èyí tí kò ṣàjèjì fún òwú tàbí ìrẹsì ní ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 10 lítà. Iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 5. Oòrùn á fa omi lọ, irúgbìn á mu omi, ṣùgbọ́n oòrùn kì í fa iyọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni irúgbìn ń gbà lára rẹ̀. Ó kù síbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, tọ́ọ̀nù 5 mìíràn. Nílẹ̀ Yorùbá, òjò ńlá ń fọ èyí tó pọ̀ jù lọ kúrò kó tó di wàhálà, ìdí nìyí tí àwọn baba wa kò fi ní ìtàn púpọ̀ láti sọ fún wa nípa ilẹ̀ tí iyọ̀ pa. Níbi tí òjò kò ti tó, kò sí ẹni tí yóò báni fọ̀ ọ́.

Ọ̀nà kejì burú ju ìyẹn lọ. Omi tí a dà lé ilẹ̀ tí kò níbi tó máa gbà jáde á rì, á lọ gbé omi abẹ́ ilẹ̀ sókè. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ti gòkè tó ku nǹkan bí mítà méjì kó dé ojú ilẹ̀, á máa gun òkè fúnra rẹ̀ bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Yóò dé òkè, oòrùn á fa á, iyọ̀ á kù sílẹ̀, funfun, lójú ilẹ̀. Àgbẹ̀ lè má bomi rin ibẹ̀ mọ́, iyọ̀ á ṣì máa pọ̀ sí i.

Ìráàkì àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ èyí. Odò Tígírísì àti Yúfírétì kò ní ìwà Náìlì. Yìnyín orí òkè Túúkì ló ń yọ́ wọnú wọn, nítorí náà ìgbà tí ọkà bá ti ń gbó, ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ni àkúnya wọn ń dé, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ omi lóko. Àwọn ará ibẹ̀ ní láti gbẹ́ ipadò, kí wọ́n máa fa omi wọ oko nígbà tí odò kò kún. Ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Omi tó bá wọlé kò mọ ibi tí yóò gbà jáde. Lọ́dún 1958, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Thorkild Jacobsen àti Robert McC. Adams, kọ àpilẹ̀kọ olókìkí kan nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ka àkọsílẹ̀ orí amọ̀ tí àwọn akọ̀wé tẹ́ńpìlì fi sílẹ̀. Ní nǹkan bí 3500 ṣáájú ìbí Kristi, àlìkámà àti ọkà báálì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dọ́gba lóko gúúsù Ìráàkì. Ní 2500, àlìkámà ti di ìdá kan nínú mẹ́fà. Nígbà tó fi di 1700, kò sí àlìkámà mọ́ níbẹ̀. Ọkà báálì ń fara da iyọ̀ ju àlìkámà lọ, ẹ sì rí ibi tí ìtàn náà ń lọ. Wọ́n tún ṣírò ìkórè: lítà 2,537 lórí hẹ́kítà kan ní nǹkan bí 2400, ó di 1,460 ní 2100, ó di 897 ní 1700.

Ìtàn yìí dùn jù, ohun tó bá sì dùn jù ni ó yẹ ká fura sí. Lọ́dún 1985, Marvin Powell, tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú àkọsílẹ̀ amọ̀, tako kíkà náà. Ó ní wọ́n ka àwọn àkọsílẹ̀ náà bí wọn kò ṣe yẹ ní kíkà, àti pé àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà mọ bí a ṣe ń fọ iyọ̀. Èmi kò ní fi ọrùn mi lélẹ̀ nítorí 2,537 yẹn. Ènìyàn lè fi báálì rọ́pò àlìkámà nítorí ọtí, tàbí nítorí pé ó ń tètè gbó. Ohun tí kò ṣeé jiyàn lé lórí ni ilẹ̀ funfun tó wà ní gúúsù Ìráàkì títí dòní, àti ọgbọ́n tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá sí i. Wọ́n á gbin ilẹ̀ lọ́dún kan, wọ́n á fi sílẹ̀ lọ́dún kejì. Ewéko ẹlẹ́gùn-ún méjì tí wọ́n ń pè ní shok àti agul á bò ó. Gbòǹgbò wọn jìn, wọ́n á mu omi abẹ́ ilẹ̀ lọ sílẹ̀, iyọ̀ á sì lè rì tẹ̀lé e nígbà tí wọ́n bá tún bomi rin ilẹ̀ náà. Awalẹ̀pìtàn McGuire Gibson kọ ọ́ lọ́dún 1974 pé ìgbà tí àwọn aláṣẹ tó fẹ́ irè púpọ̀ bá fi ipá mú àgbẹ̀ láti gbin ilẹ̀ lọ́dọọdún ni nǹkan ń bàjẹ́.

Ẹni tí kò bá nígbàgbọ́ nínú amọ̀ àtijọ́, kó wo Pàkísítánì. Láti apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbẹ́ ipadò ńláńlá káàkiri Pùǹjábù. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó ti jìn ju 20 mítà lọ láwọn ibì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Nígbà tó fi di 1950 sókè, ó ti súnmọ́ ojú ilẹ̀ ní ibi púpọ̀, iyọ̀ sì ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà lọ́dún 1961. Ó rán ìgbìmọ̀ tí Roger Revelle darí lọ, ìròyìn wọn sì jáde ní 1964. Kí ni wọ́n dá lábàá? Kì í ṣe kí wọ́n wá omi kún omi nìkan. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ púpọ̀, kí wọ́n fa omi abẹ́ ilẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe pẹ́ tó. Ẹni tó kọ́kọ́ rí omi ipadò rí ìkórè tí baba rẹ̀ kò rí rí. Ọmọ rẹ̀ náà rí i. Ọmọ ọmọ ló bá iyọ̀ pàdé, òun náà sì lè rò pé ilẹ̀ kàn rẹ̀ ni. Èyí ni ìdí kejì tí ìgbàgbọ́ náà fi lágbára: àǹfààní omi ń dé lóṣù mẹ́rin, ìyà rẹ̀ ń dé lẹ́yìn ogójì ọdún.

Ẹrẹ̀ Náìlì tún ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní dáàmù ńlá Aswan, tí wọ́n kọ́ láti 1960 sí 1970, dí ẹrẹ̀ ọlọ́ràá mọ́ òkè, oko Íjíbítì sì ti ń kú lọ láti ìgbà náà. Ìdajì òótọ́ ni. Ẹrẹ̀ náà dúró sẹ́yìn dáàmù lóòótọ́, etíkun ẹnu Náìlì sì ń jẹrà wọ òkun torí kò rí ẹrẹ̀ gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹrẹ̀ ń fi lé ojú oko lọ́dún kan kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ, náítírójìn inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan fún ẹni tó ń gbin ilẹ̀ nígbà méjì lọ́dún. Àwọn àgbẹ̀ Íjíbítì ti ń ra ajílẹ̀ tipẹ́ kí dáàmù náà tó parí. Irè oko wọn kò sì lọ sílẹ̀: ìrẹsì wọn ń mú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 9 wá lórí hẹ́kítà kan, nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àgbáyé lápapọ̀.

Ìṣòro tí dáàmù mú wá kì í ṣe àìsí ẹrẹ̀, àìlọ omi ni. Odò kò fà sẹ́yìn mọ́. Omi wà nínú ipadò láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, omi abẹ́ ilẹ̀ gòkè, iyọ̀ tẹ̀lé e. Láti nǹkan bí 1970 sókè, pẹ̀lú owó tí Báńkì Àgbáyé náà bá wọn dá sí i, ìjọba Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í ri páìpù oníhò mọ́ abẹ́ oko láti máa fa omi jáde. Ilẹ̀ tí páìpù náà ti dé abẹ́ rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà lọ. Ohun tí odò ń ṣe fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ayé Fáráò ni wọ́n wá ń fi owó gọbọi rà.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìrẹsì, torí mo jẹ yín ní gbèsè níbẹ̀. Ẹ̀rí tó gbè é wà. Ní Los Baños ní orílẹ̀-èdè Fílípìnì, iléeṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, IRRI, ní oko kan tí wọ́n ti ń gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, nínú omi. Wọ́n ti gbìn ín ju 150 ìgbà lọ, ilẹ̀ náà kò ṣá. Omi tó bo ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ewéko inú rẹ̀ tètè jó tán, ó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ó ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún gbòǹgbò. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé omi orí oko burú níbi gbogbo, irọ́ lòun náà ń pa.

Ṣùgbọ́n ṣé ìrẹsì nílò rẹ̀ lójoojúmọ́? Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tí omi yẹn ń ṣe ni pípa èpò. Èpò púpọ̀ kò lè hù lábẹ́ omi, ìrẹsì lè dàgbà níbẹ̀, àgbẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ ìroko ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú nǹkan bí 2,500 lítà òjò àti omi tí a ń ná lórí kílò ìrẹsì kan tí a kò tíì bó, nǹkan bí 1,400 ni irúgbìn mu tàbí tí oòrùn fà. Èyí tó kù rì lọ sísàlẹ̀ tàbí kó ṣàn lọ.

Àwọn onímọ̀ IRRI wá mú ọgbọ́n kan wá tí kò náni ju páìpù kan lọ. Páìpù náà gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, a dá ihò sí i lára, a rì í mọ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ á yọjú sínú rẹ̀. Bí omi kò bá tíì lọ sílẹ̀ ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ lábẹ́ ojú ilẹ̀, kó má ṣí omi, bí ojú ilẹ̀ tilẹ̀ ti ń sán. Ìgbà tí ìrẹsì bá ń yọ òdòdó nìkan ni kó má jẹ́ kí omi wọ́n. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Carrijo, Lundy àti Linquist, kó ìwádìí 56 jọ lórí ọ̀nà yìí. Níbi tí wọ́n ti dúró lórí sẹ̀ǹtímítà 15 yẹn, ìkórè kò dín kù lọ́nà tó ṣeé fi ṣe ẹjọ́, omi tí wọ́n lò sì dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ jù, ìkórè já wálẹ̀ ju 22 nínú 100 lọ. Gáàsì mẹ́tééènì tí oko ìrẹsì ń tú sójú ọ̀run náà máa ń dín kù gan-an, torí àwọn kòkòrò tó ń ṣe é kò fẹ́ afẹ́fẹ́.

Kí á má ṣe ti orí òkè kan bọ́ sí òmíràn o. Àlùfáà ará Faransé kan, Henri de Laulanié, ló ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ Madagásíkà láti 1983 pé kí wọ́n má fi omi bo ìrẹsì títí, kí wọ́n gbìn ín jìnnà síra, kí wọ́n sì tètè lọ́ ọ. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkórè tó ga débi pé àwọn onímọ̀ mìíràn ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ewé ìrẹsì ń rí kò lè mú un jáde. Mo bá àwọn oníyèméjì náà lọ lórí ìyẹn.

Ní tiwa, a kò tilẹ̀ nílò láti lọ sí Madagásíkà kí a tó rí ìrẹsì tí kò wẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ń hù lórí ilẹ̀ gíga ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òjò nìkan ló ń rọ̀ sí i. Kì í so tó ti àbàtà, èpò sì ń yọ ọ́ lẹ́nu ju ti àbàtà lọ. Ìyẹn gan-an ni ohun tí à ń sọ bọ̀: pípa èpò ni iṣẹ́ ńlá tí omi àbàtà ń ṣe. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí àgbẹ̀ Yorùbá mọ̀ nípa omi tó pọ̀ jù, oko àkùrọ̀ ni kí ẹ lọ. Etí odò ni, omi ń bẹ níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ tó kù ti gbẹ. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sínú omi. Wọ́n á kọ ebè ga, wọ́n á gbin ewébẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n á sì la poro láàárín ebè kan àti èkejì kí omi tó bá ju ti gbòǹgbò lọ rí ibi gbà jáde. Lápá kan oko Kàdáwá tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí omi kò ti rí ọ̀nà jáde dáadáa, omi abẹ́ ilẹ̀ ti gòkè, iyọ̀ sì ti ń yọjú lójú ilẹ̀. Omi Tìgá kan náà ni wọ́n ń lò pẹ̀lú àwọn tí oko wọn ń ṣe dáadáa.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan máa sọ: "Ó yé wa, ká pa omi ṣíṣàn tì, ká ra páìpù tó ń kán omi sídìí irúgbìn lẹ́kán-ẹ̀kán." Ìṣirò àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn àgbáyé, FAO, ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú omi tó dé oko, wọ́n ka 60 nínú 100 sí èyí tó ń wúlò fún irúgbìn bí a bá jẹ́ kó ṣàn lórí ilẹ̀, 75 bí a bá fi ẹ̀rọ wọ́n ọn, 90 bí ó bá ń kán. Ṣùgbọ́n omi tó ń kán náà ní iyọ̀ nínú, kò sì pọ̀ tó láti fọ̀ ọ́ lọ. Á kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, létí ibi tí ọ̀rinrin dé. Ní Imperial Valley, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí, àwọn àgbẹ̀ ṣì máa ń ṣí omi bo oko pátápátá láàárín ìgbìn kan sí èkejì, àní àwọn tó ń fi páìpù kán omi. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀. Abẹ́ oko wọn kún fún páìpù oníhò bíi ti Íjíbítì, omi ìfọ̀yọ̀ á gba ibẹ̀ jáde, á ṣàn lọ sínú adágún Salton Sea. Adágún náà kò ní ẹnu tó gbà jáde, iyọ̀ rẹ̀ sì ti ju ti òkun lọ báyìí.